Ohun tí ẹ̀rọ sọ, ohun tí Màámi sọ

Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì pálọ̀ wa ní Abẹ́òkúta, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò. Mo fi rúlà fa ìlà méjì sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó pín sọ́nà mẹ́ta. Apá òsì ni mo ń kọ ọjọ́ sí. Àárín ni mo ń kọ iye tí ẹ̀rọ BP, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bá gbé jáde. Apá ọ̀tún ni mo ń kọ èsì tí Màámi bá fún mi nígbà tí mo bá bi wọ́n pé, “Màámi, ara ńkọ́ lónìí?” Inú oṣù kejì ọdún 2023 ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo sì rò pé àárín yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Apá ọ̀tún, mo kàn ń kọ ọ́ ni, kí Màámi má baà rò pé ẹ̀rọ nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó jókòó ka apá ọ̀tún yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló mú mi kọ èyí. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ Màámi kí n tó kọ ọ́. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́, àmọ́ kí n má dárúkọ àwọn, kí n má sì kọ ọ́ bíi pé àwọn gọ̀. Òótọ́ ni. Wọn ò gọ̀.

Ọjà Ìtòkú ni Màámi ti ń ta àdìrẹ, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Owó àdìrẹ yẹn ni wọ́n fi rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níléèwé lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, èmi ń ṣe tíṣà nílé. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí Màámi kí àìsàn dá wọn dúbúlẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ. Bí ibà bá mú wọn, wọ́n á mu àgbo, wọ́n á da aṣọ bora, wọ́n á làágùn, ó di ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n sinmi, wọ́n á ní, “Ìlera loògùn ọrọ̀.” Báwọn ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sí ni pé ẹni tó bá ṣì lè lọ sọ́jà, tó lè ka owó, tó lè gbé ìdì aṣọ sílẹ̀ fún oníbàárà, ara onítọ̀hún le nìyẹn. Wọn ò ní ìwọ̀n mìíràn fún ìlera. Èmi náà ò ní in nígbà náà.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún 2023, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn pe àwọn nọ́ọ̀sì wá láti yẹ ara àwọn ọmọ ìjọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Màámi jẹ́ ẹni ọdún 61. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó jẹ́ 172 lórí 104. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ó tún un wọ̀n: 168 lórí 102. Tó bá ti ń dé 140 lórí 90 lemọ́lemọ́ ni wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí ò fọ́ àwọn, òòyì ò kọ́ àwọn, àwọn sùn dáadáa lóru, àwọn sì ti ta aṣọ márùn-ún kí àwọn tó wá síbẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn nọ́ọ̀sì lọ tún ẹ̀rọ wọn ṣe.

Mo mọ̀ nísinsìnyí pé gbogbo ohun tí Màámi sọ lọ́jọ́ yẹn ló jóòótọ́. Orí ò fọ́ wọn lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ògiri iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá kò ní ohun tó máa fi ké pé ẹrù yìí ti wúwo jù fún mi. Ọkàn á máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan á máa yigbì díẹ̀díẹ̀, kíndìnrín á máa jìyà ẹ̀, ẹni tó ni ara á sì máa jẹun, á máa sùn, á máa ná ọjà. Nínú iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà fún ọdún 2019, bílíọ̀nù 1.28 èèyàn tó wà láàárín ọmọ ọdún 30 sí 79 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru láyé, ìdá 46 nínú 100 wọn ni kò sì mọ̀. Bí ẹ bá bi àwọn wọ̀nyẹn bóyá ara wọn le, púpọ̀ nínú wọn á sọ pé ó le, wọn ò sì purọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e la lọ sí ilé ìwòsàn kan tó sún mọ́ wa. Ibẹ̀ ni ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbà wá wo káàdì, ó wo Màámi, ó ní, “Màmá, Ọlọ́run ló yọ yín. Irú èyí, ibi téèyàn bá ti ń rìn lọ báyìí ló ti ń ṣubú.” Ó tún ní, “Àìsàn bárakú ni o. Títí ayé lẹ ó máa lo oògùn ẹ̀.” Bóyá ó rò pé tí òun ò bá dẹ́rù bà wọ́n, wọn ò ní lo oògùn. Àmọ́ mo rí ojú Màámi. Etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò fi ti ìwé gbọ́ ọ. Bárakú: ohun tó máa bá ara kú. Èyí tí kò ní lọ títí ara yóò fi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, “ṣubú.” Ìyá tó bí Màámi, rọpárọsẹ̀ ló dá wọn dúbúlẹ̀ sórí ẹní fún ọdún mẹ́rin, Màámi ló sì ń wẹ̀ wọ́n, tí ń yí wọn lápá yí wọn lẹ́sẹ̀ kí ara wọn má baà bó. Nígbà tí ẹni yẹn sọ pé “ṣubú,” ẹní yẹn ni Màámi rí.

Wọ́n wọ inú ilé ìwòsàn yẹn bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Wọ́n jáde bí aláìsàn. Kò sí ohun tó yí padà nínú ara wọn láàárín wákàtí méjì yẹn.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màámi ò lọ sọ́jà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Wọn kì í gbé garawa omi mọ́, èmi ni kí n bá wọn gbé e. Bí wọ́n bá jókòó, wọ́n á gbé ọwọ́ lé àyà láti gbọ́ bó ṣe ń lù. Bí ẹnì kan bá pariwo níta, wọ́n á ní kí n lọ sọ fún un pé àwọn ní BP, kó má pa àwọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá kí wọn, oníkálùkù ló ń sọ pé ìrònú ló ń fà á, kí wọ́n má ronú mọ́. Màámi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé àwọn ń ronú. Wọ́n rẹ̀wẹ̀sì gan-an.

Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin ní Kánádà, àwọn dókítà sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1978. Wọ́n yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò, wọ́n sọ fún àwọn kan pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ, ọjọ́ tí wọ́n ń pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn lé ní ìdá 80 nínú 100 sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní in ló pọ̀ jù nínú wọn. Àìsàn kan náà, ara kan náà. Ìròyìn ló yàtọ̀. Nígbà tí mo ka èyí, ó rọ̀ mí lọ́kàn díẹ̀, torí mo ti ń bínú sí Màámi pé wọ́n ń ṣe àṣejù. Èèyàn tó ń gbé irin lọ́wọ́ náà kà á sí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dá Màámi padà sọ́jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo sọ, kì í sì í ṣe oògùn. Oníbàárà kan láti Èkó ló pè pé òun fẹ́ ogójì àdìrẹ fún ìgbéyàwó ọmọ òun, ó sì fẹ́ kí Màámi fúnra wọn ṣà á. Wọ́n dìde, wọ́n wẹ̀, wọ́n wé gèlè. Nígbà tí wọ́n dé nírọ̀lẹ́, eruku ọjà wà lára wọn, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ní, “Ara mi ti yá.” Mo wọ̀n ọ́n: 162 lórí 98. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ nígbà yẹn, èyí tó ń wú fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá ti so ó mọ́ apá. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Díẹ̀ nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin rèé:

Ọjọ́ 4, oṣù kẹta: 156/96. “A dúpẹ́.”
Ọjọ́ 11, oṣù kẹta: 150/92. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”
Ọjọ́ 19, oṣù kẹta: 146/90. “Kò burú.”
Ọjọ́ 2, oṣù kẹrin: 140/88. “Ẹsẹ̀ mi wúwo.”
Ọjọ́ 16, oṣù kẹrin: 136/84. “Ara ò dá. Wo ọrùn ẹsẹ̀ mi.”

“A dúpẹ́” yẹn, kí ni kí n ṣe sí i? Ẹni tí a bá kí ní “ara ńkọ́,” ọpẹ́ ni yóò fi dáhùn, ì báà jẹ́ orí àkéte ìwòsàn ló wà. Gbèsè tó jẹ Ọlọ́run ni, gbèsè tó jẹ ẹni tó kí i náà ni. Kò yẹ ká da àìsàn sí ẹni tó kí wa lára. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìlera àwọn àgbàlagbà. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń lò kárí ayé: lápapọ̀, báwo lẹ ṣe rí ìlera yín, ṣé ó dára jù, ó dára gan-an, ó dára, ó ṣe díẹ̀, àbí kò dára? Ìbéèrè kékeré yẹn lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Ní ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà, àwọn méjì tó tẹ̀ lé àwọn ẹni ọdún 65 sókè kọ ọ́ lọ́dún 1982 pé ewu ikú láàárín àwọn tó sọ pé ìlera àwọn kò dára fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó ní ó dára jù, kódà nígbà tí wọ́n ti wo ohun tí dókítà rí lára wọn. Lọ́dún 1997, Ellen Idler àti Yael Benyamini kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 27 jọ, ohun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú gbogbo wọn. Èèyàn mọ nǹkan nípa ara ẹ̀ tí àyẹ̀wò kì í rí.

Mo gbà á. Àmọ́ bí ẹ bá bi Màámi ní ìbéèrè yẹn níwájú àlejò, ọpẹ́ lẹ máa gbọ́. Ọpẹ́ ò sí nínú márààrún yẹn.

Ẹ wo oṣù kẹrin. Iye inú ẹ̀rọ ti sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, inú mi ń dùn. Ìgbà yẹn gan-an ni Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara àwọn ò dá. Amlodipine ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún wọn. Oògùn tó dára ni, àmọ́ bó ṣe ń fẹ iṣan kéékèèké lójú, omi lè máa jò sí ọrùn ẹsẹ̀, kó wú. Ti Màámi wú. Tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ihò ìka mi á wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dí. Wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Kí n tó mọ̀ pé mo ní BP, ṣé ẹsẹ̀ mi wú? Ṣé mo máa ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru? Èwo wá ni àìsàn níbẹ̀, èyí tí mi ò mọ̀ ọ́n lára àbí èyí tí mò ń fojú rí?” Mi ò rí èsì fún wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n gba nọ́mbà gbọ́ ju ẹsẹ̀ ara wọn lọ.

Ó yẹ ká ti padà lọ sọ fún ilé ìwòsàn nígbà yẹn. A ò lọ. Màámi ò fẹ́ rí ẹni tó dẹ́rù bà wọ́n mọ́, èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Oṣù karùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù yẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Láàárín oṣù díẹ̀, owó ọkọ̀ lọ sókè, oúnjẹ lọ sókè, oògùn náà lọ sókè. Màámi ò sọ fún mi pé àwọn ti ń lo hóró kan ní ọjọ́ méjì méjì. Èrò wọn ni pé ara àwọn ń le, kí wá làwọn ń ná owó aṣọ sí?

Ohun tó ń dùn wọ́n gan-an ní gbogbo ìgbà yẹn ni orúnkún. Làkúrègbé. Ó ti ń ṣe wọ́n láti bí ọdún márùn-ún, wọ́n ń fi òrí àti Róòbù pa á. Kèrékèré tó wà láàárín eegun orúnkún ló ti ń jẹ tán, gbogbo ìṣísẹ̀ ló sì ń ké. Bí wọ́n ṣe ń dìde ní ṣọ́ọ̀bù nìyí: wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ìdì aṣọ, wọ́n á fi ọwọ́ òsì tẹ itan, wọ́n á mí, wọ́n á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú ohun tó fẹ́ mú, wọ́n á wá na ẹ̀yìn. Àpótí tí wọ́n ń jókòó lé ò ga ju orí bàtà lọ púpọ̀. Mo ti rí ìdìde yẹn fún ọdún mélòó kan, mi ò kà á sí àìsàn. Mo pè é ní ọjọ́ orí. Àwọn náà pè é bẹ́ẹ̀ níwájú mi.

Oṣù keje rèé:

Ọjọ́ 2, oṣù keje: 158/96. “Ara ti ń yá.”
Ọjọ́ 9, oṣù keje: 166/98. “Ara mi le. Mo rìn dé Kútọ̀.”
Ọjọ́ 15, oṣù keje: 170/102. “Ó le koko bí ọta.”

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn ni mo jókòó tí mo ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ lé àárín, mo fi tẹ̀ lé ọ̀tún. Bí iye ṣe ń lọ sílẹ̀, èsì Màámi ń burú. Bí iye ṣe ń gòkè, èsì wọn ń dára. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo tún ẹ̀rọ náà dán wò lára ara mi. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Mo bi Màámi láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé kí ni wọ́n ń lò tó jẹ́ kí wọ́n lè rìn dé Kútọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní àdúrà ni. Nígbà tó yá, wọ́n tú àpò owó tí wọ́n ń so mọ́ ìdí, wọ́n yọ ọ̀rá kékeré kan jáde. Hóró mẹ́ta mẹ́ta ni kẹ́míìsì tó wà lójú ọ̀nà ọjà ń dì fún wọn, wọ́n ń lo ọ̀rá kan láràárọ̀ kí wọ́n tó jáde. A gbé e lọ fún dókítà kan níbòmíràn. Ọ̀kan jẹ́ paracetamol, ọ̀kan jẹ́ fítámì, ìkẹta jẹ́ diclofenac, oògùn ara ríro.

Dókítà yẹn, obìnrin ni, jókòó ti Màámi. Ó ní, “Màmá, oògùn orúnkún yìí ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń rìn. Àmọ́ ó ń jẹ́ kí ara yín máa di iyọ̀ àti omi mú, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ yín sókè, bí ẹ bá sì ń lò ó pẹ́ títí, kíndìnrín lè bà jẹ́.” Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti yẹ kíndìnrín wò. Èsì ẹ̀ dára, a dúpẹ́. Ó pààrọ̀ amlodipine sí losartan nítorí ẹsẹ̀ wíwú, ó sì ṣàlàyé pé tí wọ́n bá tún ń mu diclofenac mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà nínú kíndìnrín kan náà. Ó ní kí wọ́n lo paracetamol nìkan bó bá dùn wọ́n jù, kí wọ́n máa fi jẹ́ẹ̀lì pa orúnkún, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó sórí àga, tí wọ́n á na ẹsẹ̀ kan tọ́ síwájú, tí wọ́n á gbé e dúró níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, kí iṣan itan lè máa bá orúnkún gbé ẹrù.

Ọ̀rọ̀ wá yé mi délẹ̀. Àìsàn méjì ló wà lára Màámi, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan dákẹ́. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìlera wọn. Oògùn tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́ ló ń bọ́ èyí tó dákẹ́.

Mo rò pé níbi tí a dé yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Èyí tó tẹ̀ lé e ló le jù, òun ni mo sì ń rò jù títí di òní.

Ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án: 134/82. “Ara ò le. Mi ò sùn, orúnkún.”
Ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án: 132/82. “Mo ti darúgbó.”
Ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án: 130/80. “Má bi mí.”

130 lórí 80. Ó dára ju tèmi lọ. Mo gbé ìwé lọ bá wọn, mo ní, “Màámi, ẹ wò ó, ẹ wo ibi tó wà!” Wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún. Wọn ò wo ìwé. Wọ́n ní, “Ẹ gba ohun tó ń jẹ́ kí n rìn lọ́wọ́ mi, ẹ fún mi ní nọ́mbà. Ṣé nọ́mbà máa gbé mi dé Ìtòkú?”

Mo lọ sínú yàrá, mo sunkún. Mo ti ń ka ara mi sí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá ẹ̀. Ní oṣù méjèèjì yẹn, a ti gba ẹ̀mí wọn sílẹ̀ bó ṣe yé dókítà, a sì ti gba ayé wọn lọ́wọ́ wọn bó ṣe yé àwọn fúnra wọn. Ṣọ́ọ̀bù ti ń wà ní títì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gbà sílé ìtajà ń ta àdìrẹ olówó iyebíye ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ní ara òun ò le nítorí pé òun ò lè ṣe iṣẹ́ tó sọ òun di èèyàn láwùjọ, kí lèèyàn fẹ́ sọ fún un? Pé ẹ̀rọ ní ó le?

Ìyá kan wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan. Wọ́n ń tì í wá láràárọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó ń ta aṣọ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ bi í pé ara ńkọ́, á ní ara òun le, á sì wò yín lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo gbà pé ó dá a lójú. Lọ́dún 1999, Gary Albrecht àti Patrick Devlieger kọ ọ́ pé nínú àwọn tó ní àbùkù ara tó mọ níwọ̀n tàbí tó le gan-an tí àwọn bá sọ̀rọ̀, ìdá 54 nínú 100 ló sọ pé ìgbé ayé àwọn dára tàbí dára gan-an. Ẹni tó ń wò wọ́n láti ìta ò lè gbà á gbọ́. Màámi gbà á gbọ́, torí wọ́n rí ìyá yẹn lójoojúmọ́. “Ó ti mọ ibi tí ara òun dúró sí,” ni wọ́n sọ. “Ẹ̀yin ń yí tèmi kiri.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú lọ bá dókítà. Ó ní òun gbọ́. Ó ní a ti tọ́jú ẹ̀jẹ̀, a ò tíì tọ́jú orúnkún, ó sì ní kí oníṣẹ́ ìtọ́jú eegun àti iṣan máa rí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi owó ránṣẹ́, a ra àga tó ga, tó ní apá, sí ṣọ́ọ̀bù dípò àpótí. Àga yẹn ló ṣe bẹbẹ jù, mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní ìyá nínú ọjà gbọ́ èyí. Ẹni tí orúnkún ń dùn, àtidìde láti ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń pa á. A sún ìdì aṣọ tó wúwo wálẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ wọn á máa tó láìdìde. Ọmọ ilé ìtajà ló ń na ọwọ́ sókè.

Mo tún yí ìbéèrè mi padà. Mi ò bi wọ́n pé “ara ńkọ́” mọ́ tí mo bá mú ìwé dání. Ìyẹn, mo fi sílẹ̀ fún ìkíni. Mo bi wọ́n pé, “Kí ni ara jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lónìí? Kí ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe?” Ní àkọ́kọ́, wọ́n ń wò mí bíi pé mo ti di ẹni ìgboro. Nígbà tó yá, àwọn gan-an ló ń pè mí wá pé kí n wá kọ ọ́. Ìṣísẹ̀ àtẹ̀gùn ìjọ mélòó ni wọ́n gùn kí wọ́n tó dúró. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n dìde láìdi nǹkan mú. Ìgbà wo ni orúnkún jí wọn lóru. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á na apá sí mi fún ẹ̀rọ, wọ́n á fẹ̀yìn ti àga, wọ́n á pa ẹnu mọ́ títí yóò fi jò, torí wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ lè gbé e ga.

Losartan, wọn ò tíì fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ń lò ó. Wọ́n ní ó dà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò: èèyàn ò rí iṣẹ́ tó ṣe àfi lọ́jọ́ tí kò bá wá. Ní oṣù kọkànlá, orúnkún dùn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì bẹ̀rù pé wọ́n á padà sídìí ọ̀rá kẹ́míìsì. Wọ́n sọ fún mi pé ó ṣe àwọn bíi kí àwọn padà. Wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn, mi ò bi wọ́n. Wọn ò padà.

Lọ́jọ́ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè wá lórí fídíò. Màámi á wé gèlè fún un, wọ́n á jókòó tọ́ọ́, á sì bi wọ́n pé, “Màámi, ara ńkọ́?” Ní gbogbo ọdún yẹn, àti nígbà tí wọn ò lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti nígbà tí ẹsẹ̀ wọn wú, èsì kan náà ló gbọ́: “Kò sí nǹkankan, mo wà dáadáa, ìwọ ńkọ́?” Ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá, ó bi wọ́n bó ṣe máa ń bi wọ́n. Màámi dúró díẹ̀. Wọ́n ní, “Orúnkún ọ̀tún dùn mí láàárọ̀, ó fi mí sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ mi wà ní 138. Mo gun àtẹ̀gùn ìjọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò dúró.”

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lóru. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí ló ṣe Màámi, kí ni mi ò sọ fún òun, ṣé kí òun máa wo owó ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní kó fara balẹ̀. Mo tan iná pálọ̀, mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka apá ọ̀tún fún un láti oṣù kejì.